Ìyá Àgbà Tó Ń Bẹ̀rù Afẹ́fẹ́ Inú Táyà

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi mu, kó tètè lọ bù ú. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ rẹ̀, kó pọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ bá yín sọ, kò sì ṣeé fi ìkánjú sọ, torí pé obìnrin náà kì í fi ìkánjú ṣe ohunkóhun, àfi tó bá ń sá.

Alhaja Mọ́ríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Dublin ló kú sí, nínú yàrá ìsàlẹ̀ nílé mi ní Lucan, lẹ́yìn tó kí ìrun Alásárì tán tó sì ní kí n bá òun pa fèrèsé dé. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn ìyá mọ́sálásí wá bá wa jókòó. Ọ̀kan nínú wọn nu ojú, ó ní, "Ìyá yín yìí, akíkanjú ni. Kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé." Mùfútàù àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó, a sì tètè gbójú sílẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa wá nínú ilé ọ̀fọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó ìyá yẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jókòó nìyí. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé orúkọ rẹ̀ lọ sílé kó wá jẹ́ pé obìnrin mìíràn ni ẹ gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù ajá. Kò bẹ̀rù òtútù. Ó máa ń sọ pé òtútù kì í purọ́, bó bá ń bọ̀, èèyàn á rí i. Kò bẹ̀rù èdè tí kò gbọ́. Á dúró síwájú alápatà ní ṣọ́ọ̀bù hàláálì, á máa bá a fa ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, alápatà náà á máa dá a lóhùn ní èdè tirẹ̀, wọ́n á sì gé ibi tó fẹ́ fún un gan-an.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohunkóhun tí wọ́n bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Bàlúùnù. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ. Sílíńdà gáàsì. Mo ra ìkòkò kan tó ń súfèé lórí iná, kí n lè máa tètè se ẹ̀wà nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó gbé e wọ inú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì, ó gbé àpò ìrẹsì lé e lórí bí ẹni tó de olè mọ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀wà tí kò bá lè fi sùúrù jinná, kó má jinná.

Àwọn ọdún yẹn, owó ń ṣàn ní Dublin. Bí ọmọ aládùúgbò wa bá gba kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí rẹ̀ á háyà ilé rọ́bà ràgàjì kan tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n á gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ á sì máa fò nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n pe Kífáyátù, ọmọ mi obìnrin, síbi irú rẹ̀. Mo wà ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo sáré jáde, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé rọ́bà yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ Kífáyátù mú, ó ń fà á jáde bí ẹni fa ewúrẹ́.

"Nana, it's only air!" ni ọmọ mi ń pariwo.

"Afẹ́fẹ́ náà ni mo ń wí! Bọ́ síta!"

Ìyá ọmọ tó ń ṣayẹyẹ gbé tíì wá fún un, ó ní ṣé ara ìyá ò yá ni. Mo ní ara rẹ̀ yá, ó kàn fẹ́ràn ọmọ ni. Ìyá Àgbà gba tíì, ó dúpẹ́, ó sì lọ jókòó sí ìdí ògiri tó jìnnà jù lọ. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ohun tó bá kún ju ara rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń pa."

Kíréènì ló kún ojú ọ̀run nígbà náà. Lórí gbogbo pápá tó wà láàárín ilé wa àti ojú títì ńlá, ilé ni wọ́n ń kọ́. Àwọn aládùúgbò ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju pé iye ilé ti tún lọ sókè. Ó ní kí n túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun. Mo sọ fún un pé ilé tí a ń gbé yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bíríkì kan kún un, ó ti tóbi lówó ju bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá.

"Ta ló ń fẹ́ ẹ?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Màmá."

"Ẹ jìnnà sí i."

A rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí iye ilé náà bẹ́ bíi bàlúùnù mọ́ gbogbo wa lójú, kò sẹ́ni tó rántí, àfi èmi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni. Làmídì, bàbá èmi àti Mùfú, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ló ń lọ sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé gáréèjì. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà débi pé ajá ń sá wọ abẹ́ mọ́tò. Ìyá Àgbà rí ẹni tó ń fẹ́ táyà bọ́ọ̀sì náà, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, táyà náà ń le. Ohun tí àwọn àgbà awakọ̀ fi kọ́ àwọn èrò nígbà náà ni pé bí oòrùn bá mú tó báyìí, ńṣe ni wọ́n ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù, kó lè ráyè wú. Ìyá Àgbà sọ fún awakọ̀ pé, "Ọmọ mi, ó ti tó o." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa." Ìyá Àgbà dákẹ́. Wọn ò tíì dé Ṣágámù tí táyà iwájú fi bẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá wa kú sí.

Mùfú tó jẹ́ pé iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ti ṣàlàyé fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà tó bá rọ̀ jù gan-an ló ń gbóná tó sì ń bẹ́, ó ṣeé ṣe kí ti bọ́ọ̀sì náà jẹ́ pé ó ti gbó. Á gbọ́ ọ títí dé òpin. Á wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí a jọ mọ̀ nílé bí ẹni mọ orúkọ: "Mo rí i, mo sì dákẹ́."

Ẹ wá gbọ́ ti Mùfú wàyí. Gáréèjì kan ní Damastown ló gbà á síṣẹ́, ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Noel. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: pámíìtì tí Mùfú fi ń gbé nílùú, orúkọ Noel ló wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Noel bá ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, pámíìtì kú nìyẹn, Mùfú á sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pẹ̀lú ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún.

Noel fẹ́ràn eré mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní stock car. Mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á yọ gbogbo gíláàsì rẹ̀, wọ́n á fi iná wẹ́dà jó ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n á fi irin gbá a yí ká nínú, awakọ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé bí ológbò, wọ́n á sì máa sáré yípo lórí ọ̀nà roboto kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n á máa fi ara gbára. Èjìká Noel ti bàjẹ́, kò lè wa mọ́tò rẹ̀ mọ́. Ó gbé e fún Mùfú. Inú Mùfú dùn débi pé kò rántí pé òun ní ìyá àgbà.

Ìyá Àgbà ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó wá bá mi tọ́jú ọmọ mi kejì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mú un lọ síbẹ̀, a ní eré ìdárayá ni. Nígbà tó rí i tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì de Mùfú mọ́ àga, ojú rẹ̀ yí padà, ó fi oríkì pè é.

"Àkànní, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Màmá, eré lásán ni."

"Eré? Eré wo ni wọ́n ń de èèyàn mọ́lẹ̀ fún?"

Ó ń wo àwọn mọ́tò náà. Wọ́n tò, wọ́n ń dúró kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún wọn. Ó fa ìbòrí funfun rẹ̀ dáadáa, ó lọ síbi mọ́tò Mùfú, ó ń yí i po, ó ń ka àdúrà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan, á fẹ́ àdúrà sí i lẹ́nu, á tún lọ síbi èyí tó kàn. Àwọn òyìnbó ń wò ó. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin onírun pupa kan wà tó ń jẹ́ Ciarán, mọ́tò tirẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mùfú, alátakò Mùfú gan-an ni. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Nana, ẹ bá mi ṣe tèmi náà, ẹ jọ̀ọ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó sì lọ yí tirẹ̀ po bákan náà.

Mùfú borí lọ́jọ́ yẹn. Ciarán ló tẹ̀lé e. Nígbà tí a tún lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. A ní àdúrà Ìyá Àgbà ló gbà.

Ibi tí ẹ̀rù ti wọlé nìyí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Táyà tó bá le gbagidi, ibi díẹ̀ lára rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ níwọ̀nba, á tẹ́ sílẹ̀, á di ilẹ̀ mú ní kọ́nà, mọ́tò náà kò ní yọ̀. Nítorí náà, òfin wọn ni pé rẹfirí á fi géèjì wọn táyà gbogbo mọ́tò kí wọ́n tó lọ tò. Ẹni tó bá tún dín in kù lẹ́yìn ìyẹn, ojóoro ló ṣe. Ẹnì kan ti lọ sọ fún àwọn rẹfirí pé mọ́tò Mùfú ń di ilẹ̀ mú jù. Wọ́n wọn táyà rẹ̀ lẹ́yìn eré. Ó dín. Wọ́n wọn ti Ciarán. Òun náà dín.

Ọ̀rọ̀ wá di rànyìnrànyìn. Ta ló mọ táyà tó Mùfú, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń fi jẹun nìyẹn? Wọ́n ní ó ti rí ọgbọ́n kan dá tí afẹ́fẹ́ fi ń jò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ó ti ń ta ọgbọ́n náà fún Ciarán. Noel pè é sí ẹ̀yìn gáréèjì. Ohun tó sọ, Mùfú ló wá sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò mi: "Bí wọ́n bá lé mi kúrò lórí pápá yẹn nítorí rẹ, Mufu, wá orúkọ ẹlòmíì sí ara ìwé rẹ."

"Àǹtí Sìdí," ló ní, "mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ò mọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Táyà náà dín lóòótọ́!"

Wọ́n ní ọjọ́ eré tó kàn, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á tú gbogbo ẹsẹ̀ mọ́tò náà wò níwájú gbogbo ènìyàn, àwọn á sì dájọ́. Bí a ṣe gbé àárín àkókò yẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, mà á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé. Ìyàwó Mùfú kò bi í léèrè mọ́, ó kàn ń ká aṣọ ọmọ tí wọn ò tíì bí, á tún tú u, á tún un ká. A ò sọ fún Ìyá Àgbà. A ní kí ẹ̀rù má baà bà á. Kó má baà rí ojú Mùfú, mo mú un lọ sí Dún Laoghaire lọ́jọ́ Àìkú kan, a rìn lórí afárá òkúta gígùn tó wọ inú òkun lọ. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ló ń rìn, kò sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kankan. Nígbà tó yá, ó dúró.

"Sìdí, kí ló ń ṣe Àkànní?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ó wo omi, ó wò mí. "Ẹ̀ ń fi ẹ̀rù pamọ́ fún èmi? Ta ló ń fi iyọ̀ pamọ́ fún òkun?"

Síbẹ̀, mi ò sọ.

Ọjọ́ náà pé. Òjò winniwinni ń rọ̀. Wọ́n gbé mọ́tò Mùfú sókè lórí irin, wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n ti táyà bọ omi, wọ́n ń wá ihò. Àwọn èèyàn pé jọ yí ká. Rẹfirí àgbà, bàbá gíga onírun funfun tó ń jẹ́ Frank, yọ gbogbo ẹnu táyà náà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Èyí ló tilẹ̀ burú jù, torí pé mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ó gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ." Noel káwọ́ gbera, kò wo ojú Mùfú. Mùfú dúró bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi.

Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn mí. "Kí ni wọ́n ń wá nínú táyà yẹn?"

Ibi tí mo fẹ́ sá sí kò sí mọ́. Mo sọ fún un. Mo sọ ti afẹ́fẹ́, ti ojóoro, ti pámíìtì, ti Noel. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń kéré sí i. Mo rò pé ó fẹ́ ṣubú, mo dì í mú ní apá, mo sì gbọ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Mú mi lọ bá wọn," ló ní.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù ná."

"Mo ti dákẹ́ rí, Sìdí. Mú mi lọ."

A dé iwájú Frank. Ìyá Àgbà yọ pínnì kúrò lára ìbòrí rẹ̀, ó gbé e sókè. Ó ní, "Sọ fún wọn pé èmi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wo ibi tí ó fi mí sí. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe wí, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé wọ́n tú táyà àbúrò mi. Ó tún fọwọ́ kàn mí. Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti gáréèjì Ìbàdàn, ti oòrùn, ti awakọ̀ tó rẹ́rìn-ín. Mo sọ pé bó ṣe ń fẹ́ àdúrà sí táyà, bẹ́ẹ̀ ló ń fi orí pínnì tẹ ẹnu rẹ̀, kó lè rọ̀, kó má baà bẹ́ pa ọmọ ọmọ rẹ̀.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ké pé, "Wọ́n ti kọ́ ìyá arúgbó ní ohun tó máa sọ!"

Frank gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti Ìyá Àgbà dọ́gba. Ó ní kí n bi í léèrè pé: bó bá jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ gbà là, kí ló dé tó fi tú ti Ciarán, ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ díje?

Mo bi í. Ìyá Àgbà wo bàbá náà bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé òun ò ní ìyá ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan wà nídìí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì, onírun pupa lòun náà. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. Ciarán tẹjú mọ́lẹ̀.

Frank ní kó tẹ táyà kan kí òun rí i. Ìyá Àgbà fi pínnì tẹ ẹnu táyà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn hó jáde, ó di ojú rẹ̀ pọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ka nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò títí ó fi tó bó ṣe máa ń ṣe é. Frank fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ó wo ẹni tó kọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn náà wo géèjì, ó mi orí. Iye kan náà ni.

Ìdájọ́ wọn kò gùn. Wọ́n fagi lé gbogbo ibi tí Mùfú ti borí, àti ipò kejì Ciarán pẹ̀lú. Wọ́n ní kì í ṣe ojóoro, wọn ò sì lé ẹnikẹ́ni. Noel rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dúró. Ó ní, "Aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé, Mufu. Má pẹ́ dé." Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹ máà rò pé wọ́n dì mọ́ra nígbà náà. Ìjà tí wọ́n jà nínú mọ́tò bí a ti ń padà sí Lucan, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mùfú ní, "Màmá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́!" Ìyá Àgbà ń wo ìta. Ó ní, "Ayé tí o ṣì wà nínú rẹ̀."

Ohun tí mo ní kí ẹ jókòó gbọ́ gan-an nìyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló parí sí. Frank ti ní kí ìyá náà má sún mọ́ mọ́tò kankan mọ́. Gbogbo wa rò pé á jókòó sílé. Ó kọ̀. Ó ní kí n bi Frank bóyá òun lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí yóò ti máa rí ọwọ́ òun méjèèjì. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa bọ̀.

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Obìnrin yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹfirí, ìbòrí rẹ̀ funfun, pínnì rẹ̀ wà nílé, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wọn táyà tó le gbagidi, tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò tú, ó sì jẹ́ kí ó lọ. Ilẹ̀ tutù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mùfú dé kọ́nà, mọ́tò rẹ̀ yọ̀, ó yí, ó fi ẹ̀gbẹ́ lu ògiri irin. Ẹrẹ̀ àti èéfín bò ó. Wọ́n ju àsíá sókè, gbogbo mọ́tò dúró. Mi ò rí ọwọ́ kankan lójú fèrèsé yẹn. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ti gbá apá Frank mú, èékánná rẹ̀ wọ ara bàbá náà, bàbá náà kò sì fà á kúrò. Kò pariwo. Kò sá. Ẹnu rẹ̀ ń ka àdúrà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fèrèsé yẹn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ kan yọ jáde, ó ń juwọ́.

A gbé àga wá fún Ìyá Àgbà. Nígbà tí Mùfú dé, ó yọ àṣíborí rẹ̀, Ìyá Àgbà gbá a létí, ó wá fà á mọ́ra. Ó ní, "Ó tó mi fún òní. Bí ẹ bá tún ń bọ̀, mà á tún wá bẹ̀rù."

Ó sì ń wá. Títí Mùfú fi fi eré náà sílẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí kò wá dúró síbẹ̀ kí ẹ̀rù máa bà á ní gbangba, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bóyá ohun tí ìyá mọ́sálásí yẹn rí nìyẹn tó fi pè é ní akíkanjú. Mi ò mọ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ẹni tó jogún kí ni. Kífáyátù gba ẹní ìkírun rẹ̀, ó ti gbó níbi orúnkún. Ìyàwó Mùfú gba àwọn ìró rẹ̀. Ìyá Ciarán, tí wọ́n ti di ọ̀rẹ́ láìgbọ́ èdè ara wọn, wá síbi ìsìnkú, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, ó sì gbé àwo kan lọ nígbà tí mo fún un. Mùfú kò gba nǹkan kan, ó ní òun ti gba ẹ̀mí.

Èmi, ibi ìdúró rẹ̀ ni mo jogún. Ọmọ tó wà nínú oyún nígbà ọ̀rọ̀ pámíìtì yẹn, Àìṣá, ti dàgbà. Òun ló ń wa mọ́tò báyìí, lórí pápá kan náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ojú fèrèsé mọ́tò kó tó rántí mi, ó bá yíjú padà.

"Auntie, are you scared?"

"Gan-an ni, ọmọ mi."

"Grand so," ló ní, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ sínú mọ́tò.